Ọjọ́ tí Olówòkéré Lóṣòó Lẹ́nu Ọ̀nà Mùínátù

Mùínátù ìyàwó Jímọ́ọ̀ kì í ṣe obìnrin tó ń gbàgbé. Bí ẹ bá fìyà jẹ ẹ́ lónìí, tí ẹ sì gbé ẹja wá fi bẹ̀ ẹ́ lọ́la, yóò gba ẹja náà, yóò sè é, yóò jẹ ẹ́ tẹ̀ríntẹ̀rín, ṣùgbọ́n ìyà náà wà níbi tó fi í sí. Gbogbo Awoye ló mọ̀ ọ́n bẹ́ẹ̀. Wọ́n fẹ́ràn rẹ̀, nítorí ọwọ́ rẹ̀ kì í há, bí ọmọ tí kò mọ ìyá rẹ̀ bá sì ń sunkún, yóò gbé e pọ̀n. Síbẹ̀ kò sẹ́ni tó ń fojú di í. Olówòkéré nìkan ló dán an wò, nítorí pé ará òkè ni, kò sì bi ẹnikẹ́ni léèrè kó tó ṣe é.

Orí òpó ni ilé Mùínátù wà bíi gbogbo ilé ibẹ̀. Omi ń kọjá lábẹ́ rẹ̀, afárá pákó ló sì so ó mọ́ ilé àwọn aládùúgbò. Ojú òkun ni Jímọ́ọ̀ ọkọ rẹ̀ ti ń pẹja. Ohun tó bá kó wálé ni Mùínátù ń yan lórí iná igi ẹ̀gbà, àwọn obìnrin Igbokoda a sì wa ọkọ̀ wá rà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n bí, Láídì, ti wà nílé ọkọ. Àwọn Ìmàle kò pọ̀ ní Awoye nígbà náà. Orí pákó iwájú ilé ni Jímọ́ọ̀ ti ń kírun, bí omi òkun bá ru wá ta sí i lójú, á rẹ́rìn-ín, á tún àlùwàlá ṣe, á sì bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Ọkùnrin jẹ́jẹ́ ni. Bí ìyàwó rẹ̀ bá ń bínú sí ẹnì kan, òun a ti máa wá ohun tí yóò fi gbèjà ẹni náà.

Ìgbà ogun Hítílà ni ilé-iṣẹ́ òyìnbó kan kọ́ ṣọ́ọ̀bù onípáànù sí Awoye, wọ́n sì fi Olówòkéré síbẹ̀ pé kó máa tà á. Ará Oǹdó ni. Ó kàwé, ó ga, ó sì ń wọ ṣòkòtò péńpé tí wọ́n lọ̀ títí tó fi lè dá dúró láìsí ènìyàn nínú rẹ̀. Inú àwọn ará Awoye dùn nígbà tí ṣọ́ọ̀bù náà ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, nítorí wọn ò ní í wa ọkọ̀ dé Igbokoda mọ́ kí wọ́n tó ra kẹrosíìnì, aṣọ, okùn àwọ̀n àti iyọ̀. Ayọ̀ náà ò pẹ́. Bí ènìyàn bá dé ibẹ̀, yóò bá Olówòkéré tó gbé ẹsẹ̀ lé káńtà, tó ń jẹun. Yóò ní kó dúró síta. Yóò jẹun tán, yóò fọ ẹnu, yóò jókòó díẹ̀ kí oúnjẹ náà dà, ẹni tó fẹ́ ra kẹrosíìnì yóò sì wà nínú oòrùn bí ẹni tó wá tọrọ.

Nígbà tó yá, iyọ̀ wọ́n. Wọ́n ní ogun ló fà á, pé ọkọ̀ òkun kò rí ọ̀nà wá. Ìgbà náà ni Olówòkéré gbé àṣà tuntun jáde. Kò ní í ta iyọ̀ fún ọ àfi bí o bá ra nǹkan mìíràn mọ́ ọn, nǹkan tí ẹnikẹ́ni ò fẹ́, tí eruku ti bò lórí pẹpẹ láti ọjọ́ tó ti dé. Bí o bá fẹ́ iyọ̀ agolo kan, ra táì. Bí o bá fẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ, ra àkẹtẹ̀ òyìnbó, ra pákúté eku, ra tàdáwà. Kí ni apẹja fẹ́ fi táì ṣe, kó fi so ọkọ̀? Ọmọ́yẹlé, ìyá àgbà kan tí kò mọ ìwé, tí kò sì lẹ́ni tí ń kọ̀wé sí i, kó ìgò tàdáwà jọ sí ìdí ibùsùn rẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ ṣí iléèwé. Àwọn ènìyàn ń kùn, wọ́n sì ń rà á, nítorí pé ẹnu kì í gbàgbé iyọ̀.

Ní àsìkò òjò ọdún náà, ẹja ṣáwá rọ́ wọ etí òkun Awoye débi pé àwọn tí kò mọ àwọ̀n ta pàápàá ń fi apẹ̀rẹ̀ gbọ́n ọn. Ọkọ̀ Jímọ́ọ̀ kún, omi sì fẹ́rẹ̀ẹ́ wọ̀ ọ́. Àwọ̀n tuntun ló fi pa á, àwọ̀n náà kì í sì í ṣe tirẹ̀. Kọ́lájọ, oníṣòwò àwọ̀n kan ní Igbokoda, ló gbé e fún un pé kó fi ẹja àsìkò náà san án. Bí ẹja náà bá dé Igbokoda, àwọ̀n di ti Jímọ́ọ̀. Bí kò bá dé, Kọ́lájọ yóò gba àwọ̀n rẹ̀ padà.

Òjò kò sì dá. Igi ẹ̀gbà tó wà nílẹ̀ rin gbingbin, bí Mùínátù bá dáná, èéfín nìkan ló ń rí. Iyọ̀ ló kù. Bí ó bá rí iyọ̀ ra, tó la ẹja náà, tó sì fi iyọ̀ pa á lára, yóò dúró títí oòrùn yóò fi yọ. Ó kó gbogbo owó tó wà nílé, ó sì sáré lórí afárá nínú òjò lọ sí ṣọ́ọ̀bù.

Olówòkéré gbọ́ iye iyọ̀ tó fẹ́, ó sì nawọ́ sí igun. Bẹ́ẹ̀dì onírin kan ló wà níbẹ̀, tí wọ́n ti tú sí wẹ́wẹ́. Ó ní, "Èyí ló bá àpò iyọ̀ lọ. Ẹ san ti méjèèjì, kí ẹ máa gbé wọn lọ."

Mùínátù ní, "Ọ̀gá, mi ò fẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ẹní là ń sùn lé. Ilé wa pàápàá ò lè gbà á, yóò já pákó."

"Ẹ máa lọ nígbà náà."

Mùínátù kúnlẹ̀. Ilẹ̀ ṣọ́ọ̀bù tutù fún omi tó ń kán lára àwọn tó wọlé, ibẹ̀ ló kúnlẹ̀ sí, níwájú gbogbo àwọn tó ń dúró ra nǹkan. Ó ní, "Ẹ gbà mí. Ẹja ń bàjẹ́ sílé. Ẹ gba owó tó wà lọ́wọ́ mi, ẹ fún mi ní iyọ̀ tí ẹ bá rò pé ó tó o. Àwọ̀n ọkọ mi wà nínú rẹ̀."

Olówòkéré wò ó, ó sì bú sẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ẹ̀yin ará ibí yìí ń pa mí lẹ́rìn-ín o. Iyọ̀ ló yí ilé yín ká. Ṣé ẹ ò rí òkun ni? Ẹ lọ bù ú." Ọ̀rọ̀ náà dùn mọ́ ọn lẹ́nu, ó tún un sọ, ó sì rẹ́rìn-ín títí ó fi fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú. Àwọn kan nínú àwọn tó dúró bá a rẹ́rìn-ín, nítorí wọn ò tíì rí tiwọn rà. Mùínátù dìde, ó gbọn omi kúrò nínú ìró rẹ̀, ó sì lọ.

Ẹja náà jẹrà. Jímọ́ọ̀ àti ìyàwó rẹ̀ ń fi agbọ̀n kó o dà sí òkun, òórùn rẹ̀ sì wà lára wọn bí wọ́n ti ń wẹ̀ tó. Kọ́lájọ wá, ó kẹ́dùn, ó sì ká àwọ̀n rẹ̀. Apẹja tí kò ní àwọ̀n ò yàtọ̀ sí alágbàṣe, nítorí náà Jímọ́ọ̀ dára pọ̀ mọ́ àwọn tó ń lọ ṣiṣẹ́ ẹja fún ẹlòmíràn ní ọ̀nà Kàlàbá. Lọ́jọ́ tó ń lọ, ó ní, "Mùínátù, fi ọ̀rọ̀ ọkùnrin yẹn sílẹ̀ fún Ọlọ́run."

Mùínátù ní, "Mo gbọ́." Òótọ́ ló sọ, ó gbọ́. Kò sọ pé òun gbà.

Kí òjò tó tán ni àwọn tí wọ́n jọ lọ padà dé láìsí Jímọ́ọ̀. Ọkọ̀ wọn ló dojú dé nínú ìjì, wọn ò sì rí òkú rẹ̀. Mùínátù ṣe opó gẹ́gẹ́ bí ẹ̀sìn rẹ̀ ti là á sílẹ̀. Nígbà tí Ọmọ́yẹlé ń bá a jókòó, ó sọ fún un pé, "Ìyá, bí mo bá kú láìjẹ́ pé ọkùnrin yẹn wálẹ̀ níwájú mi, níṣojú àwọn tó rí mi lórí ìkúnlẹ̀, ẹ má wulẹ̀ sin mí, ẹ jù mí sínú omi kí n lọ bá Jímọ́ọ̀." Ọmọ́yẹlé ò bá a wí. Òun náà ní tàdáwà nílé. Ẹni tó su ló ń gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé.

Kò sí ẹja tí yóò yan mọ́, Mùínátù sì ní láti jẹun. Nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn dé, ó bá ẹgbẹ́ àwọn obìnrin tó ń gbé omi lọ. Ẹni tí kò bá mọ Awoye yóò bèèrè pé, iṣẹ́ kí ni a ń pè ní gbígbé omi níbi tí omi pọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Bí òjò bá ti dáwọ́ dúró, òkun á wọ inú odò, gbogbo omi ibẹ̀ á sì di iyọ̀, bí ènìyàn bá fi sẹ́nu, á tu ú dànù. Omi òjò tí wọ́n gbè sínú ìkòkò kì í pẹ́ tán. Ọ̀nà òkè ni wọ́n ti ń wa ọkọ̀ lọ bu omi dídùn, àwọn obìnrin ló sì ń ṣe é. Mùínátù ní apá, ó sì ní ẹnu, kò pẹ́ tó fi di olórí wọn.

Olówòkéré ò mọ nǹkan kan nípa èyí. Páànù ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ń gbe òjò sínú táǹkì onírin ńlá kan, ó sì fi kọ́kọ́rọ́ ti ẹnu ẹ̀rọ rẹ̀. Ní ẹ̀ẹ̀rùn àkọ́kọ́ tó lò níbẹ̀, omi yẹn ló ń mu, tó ń fi wẹ̀, tó sì ń fi fọ ṣòkòtò. Ṣùgbọ́n iyọ̀ òkun tí í jẹ irin ti ń bá ìdí táǹkì náà ṣeré. Ní ẹ̀ẹ̀rùn kejì, ó ṣí ẹ̀rọ láàárọ̀ ọjọ́ kan, afẹ́fẹ́ lásán ló jáde. Omi ti jò wọ inú odò láìsí ẹni tó gbọ́.

Ó rán ìyàwó rẹ̀, Ṣìkẹ́mi, pé kó lọ ra omi. Ọmọlúàbí ni Ṣìkẹ́mi, kò sí ẹni tó mọ ohun tó rí lára ọkọ rẹ̀. Gbogbo ilé olómi tó dé ni wọ́n ti ní kó lọ bá Mùínátù. Mùínátù gbé àpótí fún un, ó bu omi sí igbá, ó tọ́ ọ wò, ó sì gbé e fún un. Ó ní, "Ghà mu omi, wá mu ún." Ṣìkẹ́mi mu, ó tún mu. Nígbà tó wá sọ pé kí wọ́n bu korobá kan fún òun gbé lọ, Mùínátù mi orí.

Ó ní, "Ọmọ mi, o ò bá mi jà. Àárọ̀, ọ̀sán, alẹ́, máa bọ̀ wá mu. Omi mímu ò lówó ní ilé wa. Ṣùgbọ́n omi gbígbé lọ, ọjà nìyẹn, ọjà sì ní bí a ṣe ń tà á. Sọ fún ọkọ rẹ pé korobá omi kan bá apẹ̀rẹ̀ ìfun ẹja kan lọ. Ẹja tó ti jẹrà. Òun fúnra rẹ̀ ni yóò sì rù ú kọjá lórí afárá. Bí kò bá fẹ́ ìfun ẹja, omi ló yí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ká, kó lọ bù ú."

Nígbà tí Olówòkéré gbọ́, ó ní òun yóò kó ọlọ́pàá wá. Ọlọ́pàá wà ní Igbokoda, ẹni tí yóò sì wa ọkọ̀ lọ pè é ni ọkọ àwọn obìnrin yẹn. Ó ní ọkọ̀ ẹ̀rọ ilé-iṣẹ́ àwọn yóò gbé omi wá. Ọkọ̀ náà ò dé, ogun ti gba epo rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í mu omi àgbọn títí inú rẹ̀ fi ń ṣí, àwọn ènìyàn sì ń rí i tó ń sáré lọ sí ẹ̀yìn ilé pẹ̀lú ṣòkòtò tí kò rí omi fọ̀. Ó mu jíìnì orí pẹpẹ rẹ̀, òùngbẹ wá di méjì. Ẹ má bínú, ẹ jẹ́ kí n rẹ́rìn-ín díẹ̀ níbí.

Ohun kan wà tó lè ṣe, Ṣìkẹ́mi sì sọ ọ́ fún un. Ó lè wá mu omi lọ́fẹ̀ẹ́ bí òun ti ń ṣe. Ṣùgbọ́n bí ọkùnrin ṣe ń mu omi lẹ́nu ọ̀nà ẹlòmíràn láàrin àwọn ará Awoye ìgbà náà, yóò lóṣòó sílẹ̀, yóò fi ọwọ́ méjèèjì gba igbá lọ́wọ́ obìnrin ilé, kò sì gbọdọ̀ gbé e sẹ́nu àyàfi bí obìnrin náà bá ní, "Mu." Ìdí tí wọ́n fi ń ṣe bẹ́ẹ̀ ni pé bó bá ti mu ún, ìjà yòówù tó wà láàrin wọn ti parí. Ẹnikẹ́ni nínú wọn ò tún gbọdọ̀ dárúkọ ìjà náà sí ẹnì kejì láé. Olówòkéré ní òun yóò kú kí òun tó lóṣòó fún obìnrin apẹja. Kò kú. Òùngbẹ kì í jẹ́ kí ènìyàn tètè kú.

Ọ̀sán gangan ló wá. Ètè rẹ̀ ti là, ó sì fi ọwọ́ di afárá mú bó ti ń bọ̀. Kò tíì dé ẹnu ọ̀nà tí ìròyìn fi dé gbogbo ilé, àwọn ènìyàn sì dúró lórí afárá, àwọn mìíràn jókòó nínú ọkọ̀ lábẹ́ ilé. Gbogbo àwọn tó wà ní ṣọ́ọ̀bù ọjọ́ yẹn ló wà níbẹ̀, àti àwọn tó rẹ́rìn-ín.

Olówòkéré lóṣòó. Mùínátù bu omi sí igbá, ó tọ́ ọ wò, ó sì gbé e lé e lọ́wọ́. Kò sọ pé kó mu.

Ó jókòó sórí àpótí níwájú rẹ̀. Ó ní, "Bí o bá ti mu ún, mi ò lè sọ ọ́ mọ́. Nítorí náà, jẹ́ kí n sọ ọ́ tán." Ó sì bẹ̀rẹ̀. Ó sọ ti òjò, ó sọ ti igi tútù, ó sọ bí ilẹ̀ ṣọ́ọ̀bù ṣe tutù tó ní orúnkún òun. Ó sọ bí ẹja ṣe ń rí ní ọjọ́ kìíní tó bàjẹ́ àti bó ṣe ń rí ní ọjọ́ kejì. Kò pariwo. Nígbà tí ó sinmi díẹ̀, Ọmọ́yẹlé wọlé, ó sì kó ìgò tàdáwà sílẹ̀ lẹ́bàá ẹsẹ̀ Olówòkéré. Ó ní, "Ta ni kí n fi èyí kọ̀wé sí, ọmọ mi?" Ẹlòmíràn gbé àkẹtẹ̀ wá. Ẹlòmíràn gbé pákúté tó ti dípẹtà. Olúkúlùkù sọ ti ọjọ́ tirẹ̀, bó ṣe dúró nínú oòrùn tó, ohun tí Olówòkéré sọ sí i. Igbá náà tẹ̀ lọ́wọ́ Olówòkéré, omi ń dà díẹ̀díẹ̀ sí i lórí ìka, ojú rẹ̀ sì ń tẹ̀ lé e bó ti ń ṣòfò.

Ó ní, "Kì í ṣe èmi. Ọ̀gá mi ní Èkó ló ní kí a máa tà á bẹ́ẹ̀. Gbogbo ṣọ́ọ̀bù wa ló ń tà á bẹ́ẹ̀."

Mùínátù ní, "Mo gbà. Ọ̀gá rẹ ló ní kí o ta bẹ́ẹ̀dì fún mi. Ọ̀gá rẹ kọ́ ló rẹ́rìn-ín."

Olówòkéré tẹ orí ba. Ó ní, "Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ní kí n mu."

Ohun tí Mùínátù ti ń wá ló wà níwájú rẹ̀ yẹn, tó lóṣòó, tó ń bẹ̀ ẹ́, lójú gbogbo ayé. Ó dùn mọ́ ọn. Mi ò ní í parọ́ fún yín pé kò dùn mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n ó mọ̀ pé bí òun bá ti sọ ọ̀rọ̀ kan yẹn, òun ò tún ní í lè dárúkọ Jímọ́ọ̀ sí ọkùnrin yìí létí mọ́, níjà tàbí ní ẹkún, títí láé. Oòrùn yí díẹ̀ lára ògiri.

Ọmọ́yẹlé ló sọ̀rọ̀. Ó ní, "Ìyé Láídì, òùngbẹ ń gbẹ ẹ́."

Mùínátù ní, "Jímọ́ọ̀ ni orúkọ rẹ̀. Jímọ́ọ̀ lorúkọ ọkọ mi. O ti gbọ́?"

Olówòkéré ní, "Mo gbọ́, ìyá."

"Mu."

Ó mu ún títí igbá fi gbẹ, ó sì ń sunkún bó ti ń mu ún. Mùínátù bu òmíràn fún un, nítorí pé bí wọ́n ti ń ṣe é nìyẹn. Láti ọjọ́ kejì, iyọ̀ di títà ní ṣọ́ọ̀bù Awoye láìso nǹkan mìíràn mọ́ ọn, ẹni tó bá sì dé ibẹ̀ kò dúró síta mọ́. Àwọn obìnrin olómi ń gbé omi lọ fún Ṣìkẹ́mi ní iye tí wọ́n ń tà á fún gbogbo ènìyàn.

Olówòkéré pẹ́ ní Awoye lẹ́yìn náà, ogun parí níṣojú rẹ̀ níbẹ̀. Láràárọ̀ ló ń yà kí Mùínátù lórí afárá, tó ń dọ̀bálẹ̀ fún un bí ìyá rẹ̀, láràárọ̀ sì ni Mùínátù ń jẹ́ ẹ lóhùn tó dára, tó ń bèèrè ara Ṣìkẹ́mi àti àwọn ọmọ. Àwọn tí kò mọ̀ rò pé ó ti dárí jì í. Títí tí wọ́n fi sin Mùínátù, ẹnikẹ́ni ò gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀ pé òun dárí jì í.